Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Sànìtáísà Wo Ni Kò Ní Mú Ọwọ́ Gbẹ?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọwọ́ sì ni gbogbo wọn dá lé. Èkíní ni mo fún láyè jù, nítorí olùkọ́ tó kọ ọ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é, kò kàn mọ̀ pé òun ti sọ ọ́ ni.

Lẹ́tà kìíní

“Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì wa. Olùkọ́ kíláàsì kejì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlẹ́ṣà. Ẹ̀rọ omi jìnnà sí kíláàsì mi, nítorí náà sànìtáísà ni mo máa ń fi pa ọwọ́ bí mo bá ti nu imú ọmọ kan tán tàbí tí mo bá ti gba ìwé wọn láti máàkì. Tí mo bá délé, maá kọ́kọ́ fi ọṣẹ oníyẹ̀fun tí mo fi ń fọ aṣọ fọ ọwọ́ náà, kí n tó tún da sànìtáísà lé e, kó lè dá mi lójú pé ó mọ́. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti gbẹ táútáú, tí oríkèé ìka ń là títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ, bí sànìtáísà bá sì ti kàn án, ńṣe ló ń ta mí bí ata. Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi ra òmíràn ní ọjà Atákúnmọ́sà, wọ́n ní ewé àti egbò nìkan ni wọ́n fi ṣe é, pé kò sí ọtí kankan nínú rẹ̀. Lóòótọ́ kò ta mí, ó sì ń ta sánsán. Ohun tó wà lẹ́yìn ìgò náà nìyí: omi, etí erin, dongoyárò, ọsàn wẹ́wẹ́, lọ́fínńdà. Ṣé kí n máa lò ó lọ?”

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, Olùkọ́, pàápàá bí ẹ ṣe fara balẹ̀ da ohun tó wà lẹ́yìn ìgò náà kọ, nítorí pé ohun tí mo máa ń wá nínú irú lẹ́tà báyìí nìyẹn, n kì í sì í sábà rí i. Ẹ má ṣe lò ó mọ́ gẹ́gẹ́ bí sànìtáísà. Nínú ohun márùn-ún tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, kò sí ẹyọ kan tí a lè gbára lé fún iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ ra ìgò náà. Kò ta yín nítorí pé kò sí ọtí níbẹ̀, ọwọ́ ọtí ọ̀hún sì ni iṣẹ́ wà.

Bí ẹ bá fọ́ ẹyin sínú epo gbígbóná, omi ẹyin tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ yóò yí padà lójú yín, yóò funfun, yóò sì le, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà sí bó ṣe wà. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ni ọtí ń ṣe sí ara kòkòrò àìfojúrí, ó sì tún máa ń tú ọ̀rá tí ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì fi bora, irú bíi ti Kòrónà àti ti ibà Lassa. Ṣùgbọ́n ó níye tí ọtí náà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà ní kó má ṣe dín sí ìdá 60 nínú 100, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn tó fẹ́ máa po tiwọn, fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan, sí ìdá 80. Kò sì yẹ kó jẹ́ ọtí pọ́ńbélé, nítorí omi díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́ láti ba ara kòkòrò náà jẹ́. Ọtí tí kò ní omi rárá kì í ṣiṣẹ́ tó èyí tí omi wà nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ohun tó fà yín sí ìgò kejì ni ọ̀rọ̀ ewé àti egbò, pé ohun àdánidá ni, pé kò sí kẹ́míkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ yẹn palẹ̀ díẹ̀, nítorí ó ń ná àwọn èèyàn lówó. Ọtí tí à ń pè ní kẹ́míkà yìí, pákí, àgbàdo tàbí ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀: wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á sè é, wọ́n á sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, bí àwọn tó ń se ògógóró ṣe ń ṣe. Gílísárìn tó ń mú kí ọwọ́ rọ̀, inú epo ni ó ti ń jáde nígbà tí epo bá ń di ọṣẹ, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà kò sì ṣàjèjì sí epo. Ní ti dongoyárò tí wọ́n ń tà fún wa bí ewé ilẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà ló ti wá. N kò bá ewé jà o. Ẹ̀yìnkùlé mi ní Ilé-Ifẹ̀ kún fún efinrin àti etí erin. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kì í fi orísun nǹkan mọ iṣẹ́ tí nǹkan náà lè ṣe. Ṣé ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó, tí àwọn èèyàn ń fi fóònù jí ara wọn lóru pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu díẹ̀ sí i? Ṣebí ohun àdánidá ni iyọ̀ náà. Kò dí Ebola lọ́nà, àwọn kan tó mu ún sì di èrò ilé ìwòsàn.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ojú egbò yín. Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ kàn sọ kọjá lọ, òun ni mo sì dúró lé lórí jù: ẹ ní bí ẹ bá délé, ọṣẹ ìfọṣọ ni ẹ fi ń fọ ọwọ́, kí ẹ tó tún da sànìtáísà lé e. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe láti fi yọ ìdọ̀tí lára aṣọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín epo ọbẹ̀ àti epo tí Ọlọ́run fi sí ara èèyàn, gbogbo rẹ̀ ni yóò kó lọ. Bí ọ̀rá yẹn bá ti lọ, omi ara ń gba ibẹ̀ jáde, ọyẹ́ a sì wá parí èyí tó kù. Ẹ wá gbé ọtí, tí òun náà ń tú ọ̀rá, lé ọwọ́ tí kò tíì gbẹ lẹ́yìn ọṣẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i pé kí èèyàn fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó sì tún fi sànìtáísà pa á lẹ́sẹ̀kan náà, nítorí pé ó máa ń dá egbò sí ọwọ́ láìfi àǹfààní kún un. Ọ̀kan nínú méjèèjì tó. Bí ọwọ́ bá ní ìdọ̀tí tí ojú rí, omi àti ọṣẹ ni. Bí kò bá ní, sànìtáísà ni.

Èmi náà ti wà nípò yín rí. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọṣẹ pupa kan tó ń rùn fù bí oògùn ìfọlé ni wọ́n ń gé fún wa ní kùtùkùtù, à ń fọ ọwọ́ láàárín aláìsàn kan sí èkejì, tó bá sì di oṣù kìíní, ẹ lè fi oríkèé ìka dá nọ́ọ̀sì mọ̀ láàárín ọjà. Nígbà tí wọ́n kó ọtí tó ní gílísárìn dé, gbogbo wa la kígbe pé yóò pa wá lára, nítorí bó ṣe ta wá lọ́jọ́ kìíní. Kò tó oṣù kan tí ọwọ́ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Àwọn tó ti ṣe ìwádìí lórí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà rí i bẹ́ẹ̀, pé ọtí tí wọ́n fi ohun amáratutù sí kì í mú ọwọ́ gbẹ tó fífọ ọṣẹ ní àfọ̀túnfọ̀. Ata tó ta ojú egbò kọ́ ló dá egbò náà sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ fi iwájú ìgò sílẹ̀, níbi tí wọ́n ya ewé sí, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Alcohol, Ethanol tàbí Isopropyl Alcohol sí, pẹ̀lú iye rẹ̀ nínú 100; bí wọ́n bá dárúkọ ọtí tí wọn kò sì kọ iye, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Bí ẹ bá rí Methanol, ẹ sá fún un, májèlé ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Glycerin, tí àwọn mìíràn ń kọ ní Glycerol. Kò gbọ́dọ̀ pọ̀ púpọ̀. Ìdá 1.45 péré ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sínú tiwọn, tó túmọ̀ sí pé nínú ìgò tó gba mìlílítà 500, kò ju nǹkan bíi ṣíbí ìpotíì 1 àtààbọ̀ lọ. Etí erin lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó máa ń tu ara, bí ó bá ṣáà ti wà pẹ̀lú ọtí tó pé. Lọ́fínńdà ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún títí ọwọ́ yín yóò fi jinná, òun àti òróró olóòórùn líle gbogbo, ì báà jẹ́ láti ara ewé, nítorí wọ́n wà lára ohun tó tètè máa ń mú ara yún. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bà jẹ́. Àwọn kan wà tó ń lo Benzalkonium chloride dípò ọtí. Kì í ta èèyàn, ó sì ń pa àwọn kòkòrò kan, ṣùgbọ́n kì í pa oríṣiríṣi wọn tó bí ọtí ṣe ń ṣe, nítorí náà n kò ní fi ṣe àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń nu imú ọmọ 40.

Bí wọ́n bá gbà yín láyè nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ kán díẹ̀ sí inú apá, níbi ìgbúnwọ́, kí ẹ máa lọ sílé, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ kò bá pọ́n, tí kò sì yún yín, ẹ padà lọ rà á. Èyí tó ní gílísárìn yóò kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan ìrèké, lẹ́yìn náà yóò rọ̀. Ẹ da èyí tó pọ̀ tó sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ra ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò àti orí èékánná, títí yóò fi gbẹ fúnra rẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 ni. Bí ó bá gbẹ kí ẹ tó ka 15, ẹ ti ṣahun rẹ̀ nìyẹn.

Àdánidá tí ẹ ń wá, àyè rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn sànìtáísà ni. Òrí ni mo ń wí, ògidì òrí tó ń wá láti ìhà Ṣakí, tí kì í ṣe èyí tí wọ́n pa láró kó lè pọ́n. Ní alẹ́, ẹ fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ọwọ́, ẹ nù ún díẹ̀ kó má gbẹ tán, ẹ mú òrí tí kò ju ẹ̀wà kan lọ, kí ẹ yọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí ẹ sì fi pa ọwọ́, kó lè pa omi náà mọ́ sínú ara. Bí ẹ bá lè wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sí ọwọ́ sùn, ìyẹn á dáa, bí ọkọ yín kò bá ní fi yín rẹ́rìn-ín. Ní kíláàsì, ẹ fi aṣọ tútù nu ẹfun ìkọ̀wé kúrò lọ́wọ́, nítorí òun náà ń fa omi ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà bí ẹ bá ń fọ aṣọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò jinná, tàbí tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ibẹ̀, ilé ìwòsàn Wesley Guild kò jìnnà sí yín, ẹ lọ fi hàn wọ́n.

Lẹ́tà kejì

“Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Parakin ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ máa ṣe sànìtáísà àdánidá tà. A ó da ìgò ògógóró 1 pọ̀ mọ́ ìgò omi etí erin 1, a ó sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè máa ta sánsán. Ṣé ìwọ̀n náà dára?”

Ìdáhùn

Ọmọ mi, jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà pọ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí ọtí inú ògógóró kan ṣe lágbára tó sí èkejì, àfi kí a wọ̀n ọ́n. Jẹ́ ká fún un ní 40 nínú 100. Bí o bá ti da omi etí erin tó bá a dọ́gba pọ̀ mọ́ ọn, ó di 20, ohun tó sì yẹ kó jẹ́, ó kéré tán, ni 60. Ká tilẹ̀ sọ pé o fi ògógóró sílẹ̀, o wá ra spírítì tó jẹ́ 70, ìdajì sí ìdajì yóò sọ ọ́ di 35. Irú ọtí bí ẹ̀tánọ́ọ̀lù tó jẹ́ 95 ló lè fara da etí erin, ife 2 rẹ̀ sí ife etí erin 1, èyí á sì fún ọ ní nǹkan bí 63, tí kò jìnnà sí bèbè rárá. Bí o bá ṣi ife wọ̀n pẹ́nrẹ́n, o ti ṣubú sísàlẹ̀. Etí erin tútù kì í sì í pẹ́ bà jẹ́. Omi aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń ṣẹ̀ lábẹ́ èèpo rẹ̀ sì máa ń mú ara àwọn èèyàn yún.

Ti ògógóró lé mi láyà ju ti ìwọ̀n lọ. Ní ọdún 2015, methanol tó wà nínú ògógóró pa àwọn èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers àti ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá wa pààlà yìí, ó sì máa ń fọ́ ojú ẹni tí kò bá pa. Ojú kò lè dá a mọ̀ nínú ìgò, imú kò sì lè dá a mọ̀. Ó tún ń gba ara wọlé, kì í ṣe ẹnu nìkan.

Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́, ẹni tí omi rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì jáde sí oòrùn, ara rẹ̀ lè jó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí, kí ibẹ̀ sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Fojú inú wo àwọn oníbàárà rẹ lórí ọ̀kadà ní Lágéere ní agogo kan ọ̀sán.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, ohun tí wọ́n bá ń tà fún àwọn èèyàn láti fi pa ara, NAFDAC gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣáà fẹ́ ṣòwò ohun àdánidá ni, ẹ ta òrí. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ rọ ọ́ sínú agolo kékeré tó lè wọ àpò, kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC kí ẹ tó gbé e jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pa sànìtáísà nígbà ọyẹ́ á rà á, èmi náà á rà.

Lẹ́tà kẹta

“Iyán ni mo ń tà ní Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ mi ra sànìtáísà fún mi pé kí n máa lò ó dípò omi àti ọṣẹ nígbà tí mo bá ń ta oúnjẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ọṣẹ dúdú ni mo ń lò tẹ́lẹ̀.”

Ìdáhùn

Rárá, Ìyá mi, ẹ má fi rọ́pò rẹ̀. Ọwọ́ tí epo ọbẹ̀ àti iyán ti lẹ̀ mọ́, sànìtáísà kàn máa lọ lórí epo náà ni, kò ní dé ìsàlẹ̀, àwọn kòkòrò inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru kan sì wà tí ọtí kì í rí ṣe dáadáa. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ló ń gbá wọn lọ. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń bu ọbẹ̀, kí ẹ sì máa fọ ọwọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan.

Ọṣẹ dúdú dára. Àwọn tó ń sè é nílé kì í yọ gílísárìn inú rẹ̀ kúrò bí ilé iṣẹ́ ti máa ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n eérú inú rẹ̀ lágbára, nítorí náà ẹ máa ṣan án dáadáa, ẹ sì bọ́ òrùka kí ẹ tó fọ ọwọ́, nítorí abẹ́ òrùka ni ọṣẹ máa ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni ara ti ń kọ́kọ́ bó.

Ẹ máa lo sànìtáísà ọmọ yín nígbà tí ẹ bá gba owó tí ẹ kò sì lè dé ìdí kẹ́ẹ̀gì. Ẹ kàn jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó súnmọ́ àdògán, nítorí iná máa ń mú ọtí.